Iṣẹ́ Káfíńtà Mi àti Pèpéle Tó Wó Nílé Nọ́ọ̀sì

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí àwọn kọ́ iṣẹ́ káfíńtà kò pọ̀ mọ́. Àwọn tó ń wá báyìí, ilé ni wọ́n ń kọ́. Wọn á jókòó níwájú ilé mi ní Ṣakí níbí, wọn á kí mi dáadáa, wọn á béèrè àlàáfíà ìyàwó mi, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ gan-an á wá jáde: “Bàbá Ṣíkírù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá ẹnì kan tó ṣeé fọkàn tán.” Ìbéèrè yẹn máa ń rẹ̀ mí ju gbogbo pákó tí mo ti rẹ́ láyé mi lọ. Iṣẹ́ yìí ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, síbẹ̀ n kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń ro irú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín, kí ẹ fi ojú ara yín wò ó.

Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà, ó rí i pé oko kò wù mí, ó mú mi lọ bá Ọ̀gá Láwànì tó jẹ́ káfíńtà. Ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀ rárá. Bàbá mi ní, “Mo fà á lé yín lọ́wọ́.” Ọ̀gá gbá ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó yí wọn síwá sẹ́yìn, ó ní kí n lọ gba ìgbálẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Abẹ́ igi irúgbá ńlá kan ni ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá wà. Ó pẹ́ gan-an kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ayùn. Mo ń gbá èérún pákó, mo ń pọnmi, mo ń tọ́ ìṣó tó ti wọ́ kí a lè tún un lò. Tí ọwọ́ bá dilẹ̀, Ọ̀gá á ní kí n dijú, á fi pákó lé mi lọ́wọ́, á ní kí n sọ orúkọ rẹ̀. Màá fi èékánná họ ọ́, màá gbóòórùn rẹ̀, màá fi ìka kàn án bí ẹni kanlẹ̀kùn. Igi apá máa ń wúwo, ohùn rẹ̀ á le, á sì mọ́ létí. Igi arère funfun, ó fúyẹ́, ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ń lu páálí. Ikán kì í fẹ́ fẹnu kan apá. Tí o bá gbé arère sítòsí ilẹ̀ tútù, oúnjẹ lo gbé fún ikán yẹn. Tí mo bá ṣì í sọ, Ọ̀gá kì í nà mí. Ó kàn máa gbé e padà lé mi lọ́wọ́ ni, á lọ jókòó, á sì máa wò mí títí n ó fi sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kó nà mí ju kó máa wò mí bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ ni Ráájí, ọmọ Ìgbòho. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Pákó tí mo bá fi gbogbo àárọ̀ fá, òun á fá a tán kí oòrùn tó gbóná. Ó lẹ́nu dídùn, àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀, Ọ̀gá pàápàá máa ń rẹ́rìn-ín nígbà míì tó bá ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín kì í wá sẹ́nu Ọ̀gá bọ̀rọ̀.

Ibùsùn ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá fi sílẹ̀ pátápátá fún mi. Ìyàwó tuntun kan ni wọ́n fẹ́ gbé e fún. Mo dán ojú rẹ̀ títí èèyàn fi lè rí òjìji ara rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo parí rẹ̀, Ọ̀gá kò wo ojú rẹ̀ rárá. Ó ní kí èmi àti Ráájí yí i dojú dé. Ó ti ìka bọ ibi tí ẹsẹ̀ kan ti pàdé ara ibùsùn náà. Àyè díẹ̀ wà níbẹ̀, mo ti fi èérún pákó àti gọ́ọ̀mù dí i.

Ó ní, “Kí lèyí?”

Mo ní, “Ọ̀gá, abẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó máa rí i.”

Kò pariwo. Ó mú ayùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹsẹ̀ ibùsùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo rẹ̀ fi tán. Mo dúró síbẹ̀, omi ń dà lójú mi. Ó ní, “Ẹni tó máa sùn lórí rẹ̀ kò ní í wo abẹ́ rẹ̀. Ìwọ ni wọ́n gbé e fún kí o bá wọn wò ó.” Ó wọ bàtà, ó gba mọ́ṣáláṣí lọ. Nígbà tí ó lọ tán, Ráájí mú ìfági rẹ̀, ó bá mi jókòó, a jọ fá ẹsẹ̀ tuntun fún ibùsùn náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kà á sí ọmọ ìyá mi.

Nígbà tí Ọ̀gá tú wa sílẹ̀, tó gbàdúrà fún wa, Ráájí gba Ìbàdàn lọ. Èmi dúró sílé. Mo fẹ́ Ràbíátù, obìnrin tó ń po òrí, òun lẹ ń gbọ́ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ṣíkírù. Mo kan òrùlé káàkiri: Ìsẹ́yìn, Kìṣí, títí dé Ijio lẹ́bàá ẹnubodè. Owó tó ń wọlé tó jẹun, ó tó rán ọmọ nílé ìwé, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí ni ohun tí iṣẹ́ náà yóò fi ara rẹ̀ ṣe. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, páànù á gbóná lábẹ́ orúnkún rẹ débi pé o ó máa ta bí adìyẹ tó fẹsẹ̀ tẹ iná. Nígbà ọyẹ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ á là, iyọ̀ inú òógùn á wọ ibẹ̀. Tí mo bá délé lọ́jọ́rọ̀, ìyàwó mi á fi òrí ra ọwọ́ mi, á máa fà á ní ìka kọ̀ọ̀kan. Òun nìkan ló mọ bí ọwọ́ náà ṣe ń yí padà lọ́dọọdún, títí tí kò fi lè pa dé tán mọ́.

Irinṣẹ́ náà yí padà. Àwọn tó ń ta pákó gbé ẹ̀rọ ìlagi wá, ohun tí a fi odidi ọ̀sẹ̀ là tẹ́lẹ̀ wá di iṣẹ́ ìṣẹ́jú. Inú mi dùn sí i, n kò ní í purọ́. Jẹnẹrétọ̀ dé, ẹ̀rọ tó ń fá pákó dé, èyí tó ń fi bátìrì lu ihò náà dé. Ariwo gba ṣọ́ọ̀bù, n kò gbọ́ ohùn igi mọ́. Àwọn ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kò rí ìdí tí wọ́n á fi máa dijú mú pákó. Púpọ̀ nínú wọn kò parí rẹ̀, wọ́n lọ ń gun ọ̀kadà. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ti inú kọ̀ǹténà wá, irin rọ́pò igi lórí òrùlé.

Èyí tó dùn mí jù ni igi fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ Ọ̀gá, tí a bá ń fẹ́ apá, igbó tó wà lójú ọ̀nà oko bàbá mi la ti ń rí i. Nígbà tó yá, tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, wọ́n ń kó gẹdú lọ sí etí òkun. Wọ́n ní òkè òkun ló ń lọ. Ìṣojú wa ló ṣẹlẹ̀. Títí di òní, èèyàn lè rìn láti àárọ̀ dọ̀sán nínú igbó yẹn kó má rí apá kan tó dàgbà.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni kí ọ̀rọ̀ pèpéle ilé Ìyá Dọ́lápọ̀ lè yé yín.

Nọ́ọ̀sì ni Ìyá Dọ́lápọ̀. Òun ló gbẹ̀bí Ṣíkírù àti gbogbo àwọn àbúrò rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tíṣà, ló kọ́ wọn níwèé. Nígbà tí àwọn méjèèjì fẹ̀yìn tì, wọ́n kọ́lé sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹsẹ̀ òkè kan. Iwájú ilé náà dọ́gba pẹ̀lú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. Kò pẹ́ ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú Bàbá Dọ́lápọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú, ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan, ọ̀rọ̀ kò já geere lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Inú iyàrá ló ń wà lójoojúmọ́, nínú ooru, tó ń wo ògiri. Ìyàwó mi máa ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́rọ̀ láti fi òrí ra ọwọ́ rẹ̀ fún un. Tó bá dé, á ní, “Bàbá Ṣíkírù, ọkùnrin yẹn ń tán lọ.”

Dọ́lápọ̀, ọmọ wọn tó wà nílùú òyìnbó, ló fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ̀. Irú pèpéle tí wọ́n ń kàn sẹ́yìn ilé lọ́dọ̀ wọn ni. Pèpéle tiwa àtijọ́, amọ̀ ni. Èyí, pákó ni gbogbo rẹ̀, òpó ló gbé e dúró, ó sì dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ènìyàn lè ti àga bàbá arúgbó jáde láìsọ̀kalẹ̀, kó máa gba atẹ́gùn, kó máa wo pápá títí dé ibi tí ojú rẹ̀ lè dé.

Ìyá Dọ́lápọ̀ wá bá mi. “Bàbá Ṣíkírù, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó ṣe é.”

Mo ti gba iṣẹ́ òrùlé ilé ìwé kan ní Kìṣí nígbà náà, mo sì ti ṣe àdéhùn. Mo ní, “Ẹ dúró dè mí, ẹ jọ̀ọ́. Tí òjò bá fi máa bẹ̀rẹ̀, mo ti dé.”

Ó mi orí. “Ooru yìí ló máa pa á. N kò lè dúró.” Ó wá ní Dọ́lápọ̀ ti bá agbaṣẹ́ṣe kan sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló júwe rẹ̀. Ó dárúkọ rẹ̀. Ráájí ni.

Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Ìyá Dọ́lápọ̀ ní, “Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ wa. Ó mọṣẹ́ jù mí lọ.”

Òótọ́ ni mo sọ. Mo gba Kìṣí lọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, òjò ti bẹ̀rẹ̀. Mo lọ kí wọn. Ẹ ò rí i, pèpéle náà rẹwà! Apá gidi ni wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀, ó pupa, ó ń dán, ọgbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán. Bàbá Dọ́lápọ̀ wà nínú àga rẹ̀, ó rí mi, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti rí i kó rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Mo dúró níbẹ̀, mo ń fi ẹsẹ̀ rọra tẹ pákó, orí mi ń wú pé ọmọ Ọ̀gá Láwànì ló ṣe iṣẹ́ báyìí.

Mo wá sọ̀kalẹ̀ lọ wo abẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bo gbogbo àyíká rẹ̀ pa, kò sí ibi tí èèyàn lè yọjú sí. Orí igi ìdábùú kan péré, ọ̀kan nínú àwọn tó gbé pákó òkè ró, ló yọ síta. Pupa ló pupa. Mo fi ìka kàn án. Ohùn páálí ló dún. Mo mú kọ́kọ́rọ́ lápò, mo fi họ ọ́ díẹ̀. Abẹ́ ọ̀dà náà funfun. Arère ni.

Mo pe Ráájí lórí fóònù. Ó kí mi tayọ̀tayọ̀. Mo ní, “Ráájí, kí lo fi gbé pèpéle nọ́ọ̀sì dúró?”

Ó ní, “Mo ti fi oògùn ikán sí i. Má da ara rẹ láàmú.”

“Arère ni, Ráájí. Ilẹ̀ tútù ló wà. Ikán á jẹ ẹ́ tán.”

“Ayé ti yí padà, ọ̀rẹ́ mi. Gbogbo ibi ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí.” Ó ní àwọn kan ń pe òun, ó pa fóònù.

Mo lọ bá Ìyá Dọ́lápọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó pe Ráájí níṣojú mi, ó jẹ́ kí èmi náà gbọ́. Ohùn Ráájí dùn bí ó ti máa ń dùn: “Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni Bàbá Ṣíkírù, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ó kàn jẹ́ pé iṣẹ́ tó bọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ máa ń dunni díẹ̀ ni.”

Ìyá Dọ́lápọ̀ wo ilẹ̀, ó sì wò mí. Kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọlé. Ó rọra ní, “Bàbá Ṣíkírù, ọkọ mi ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má ní kí n tú u ká nítorí Ọlọ́run. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, a ó pè é kó wá wò ó.”

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ sí i ni mo ń dà bí ẹni tó ń jowú sí i. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n kàn fi òpó díẹ̀ tì í. Ó gbà, ó ní kí ọkàn mi lè balẹ̀ ni. Ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn, níbi tí àga Bàbá Dọ́lápọ̀ máa ń wà, ni mo fi wọ́n sí, nítorí ẹni tí kò lè sáré ni. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, n kò ní òpó tó máa tó o, òjò sì ń rọ̀.

Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé kó má gun pèpéle yẹn mọ́. Ó ń lọ òrí nínú igbá, kò gbójú sókè.

“Bàbá Dọ́lápọ̀ wà lórí rẹ̀ lójoojúmọ́,” ó ní. “Ṣé kí n máa dúró nísàlẹ̀ máa na ọwọ́ sí i ni?”

Bí òjò ọdún náà ṣe ń lọ sópin ni ó ṣẹlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi kan ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Àwọn obìnrin ìjọ wọn wá kí Bàbá Dọ́lápọ̀, wọ́n ń kọrin fún un. Ìyàwó mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú òrí rẹ̀. Ó ti parí ohun tó wá ṣe, ó sì sún lọ sí apá ìsàlẹ̀ kí àwọn obìnrin náà lè ráyè. Ilé ni mo wà nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àdúgbò sáré dé, tí kò lè sọ̀rọ̀, tó kàn ń na ọwọ́.

Nígbà tí mo débẹ̀, ìlàjì pèpéle náà ṣì wà lókè, àga Bàbá Dọ́lápọ̀ sì wà lórí rẹ̀, ó ń sunkún láìsí ohùn. Ìlàjì yòókù ti wọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ. Igi ìdábùú náà ti dá sí méjì, inú rẹ̀ dà bí afárá oyin, ikán ń rìn lórí rẹ̀. Àwọn obìnrin tó kù fara pa, wọ́n fara bó. Ìyàwó mi ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìyá Dọ́lápọ̀ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti fi gèlè rẹ̀ di pákó mọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó mi kó má baà mì.

Mo fẹ́ gbé e. Ìyá Dọ́lápọ̀ pariwo mọ́ mi: “Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ lọ wá mọ́tò!”

Ìyàwó mi wò mí. Ó ní, “Ẹ lọ, Bàbá Ṣíkírù. Mi ò kú.”

Egungun ìbàdí rẹ̀ ló dá. Ìyá Dọ́lápọ̀ kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Òun ló ń yí i, òun ló ń wẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Ẹ ti sọ fún mi, Bàbá Ṣíkírù. Ẹ ti sọ fún mi, mo rò pé ìlara ni.” Mo ní kó má sọ ìyẹn mọ́. N kò bínú sí i. Èmi náà, ká ní èmi ni mo ní aláìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹni tó ní kí inú mi máa dùn lọ ni ǹ bá gbà gbọ́.

Gbogbo èèyàn ní Ráájí kò ní í wá, wọ́n ní á ti pa fóònù rẹ̀. Ó wá o. Ọ̀sán ni ó wọlé sí wọ́ọ̀dù, ó ti wọ mọ́tò èrò wá, eruku wà lára rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì níwájú bẹ́ẹ̀dì ìyàwó mi, ọkùnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ. Ó ní ẹni tó ṣèlérí apá fún òun kò kó o dé, èyí tí òun rí kò ju ohun tó tó orí pèpéle lọ, òjò sì ti ń bọ̀. Ó ní òun fi arère gbé e ró fún ìgbà díẹ̀ ni, òun á pààrọ̀ rẹ̀ tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn.

Mo ní, “Tí o bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, kí lo kùn ún ní ọ̀dà pupa fún?”

Ó wà lórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó fi ọwọ́ bojú.

Dọ́lápọ̀ ń pariwo lórí fóònù pé kí a pe ọlọ́pàá. Ìyá rẹ̀ ní rárá. Ó ní kí Ráájí padà wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún pèpéle náà kàn, kí n sì dúró tì í. Mo kọ̀. Mo ní n kò fẹ́ bá a dúró lábẹ́ igi kan náà mọ́. Ìyàwó mi ló dá mi lóhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì: “Inú iyàrá ni bàbá yẹn ti wà láti ìgbà tí mo ti ṣubú. Ẹ lọ ṣe é fún un.”

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, Ráájí kó igi dé. Apá àtijọ́ ni, ó ti dúdú, ojú ihò ìṣó wà lára rẹ̀. Mo fi ìka kàn án, ohùn rẹ̀ le bí irin. Mo béèrè ibi tó ti rí i. Ó ní àjà ilé bàbá òun ní Ìgbòho ni, òun bẹ àwọn ẹbí, òun tú u. Mo lọ mú ayùn.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí Ráájí ti ń júwe iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti rọ̀. Kò pẹ́ tó fi yọ ìléròrò, ìléròrò náà bẹ́, ó fi àkísà wé e, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Àwa arúgbó méjì, a ó gbé igi dé ìdajì, a ó sọ ọ́ kalẹ̀, a ó mí. Tí ìrun bá tó, a ó jọ kí i lórí ẹní kan, a ó sì padà sídìí ayùn. Kò sí ọ̀rọ̀ láàárín wa ju “fà á” àti “dá a dúró” lọ. Abẹ́ pèpéle náà, a kò bò ó. A fi í sílẹ̀ gbayawu kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó lè rí i.

Lọ́jọ́ tí a gbé igi ìdábùú tó gùn jù sókè, ó wà ní orí kan, mo wà ní ìkejì. Ó ní, “Ṣé o máa dárí jì mí?”

Mo ní, “Di tìrẹ mú dáadáa. Ó wúwo.”

Ìdáhùn tí mo ní nìyẹn, n kò tíì rí èyí tó sàn jù ú lọ. Ó padà sí Ìbàdàn. Ó máa ń pè mí lọ́jọ́ Iléyá, a máa ń kí ara wa, a máa ń béèrè àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ á sì tán.

Iṣẹ́ ìkẹyìn mi nìyẹn. Orúnkún mi kò gbà mọ́, mo kó irinṣẹ́ mi fún ẹni tó lè lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò ó bóyá kí ẹ kọ́ ọ, n kò ní kí ẹ má kọ́ ọ. Oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí igi tí ẹ nílò kò ní í dé, tí onílé á máa pè yín, tí òjò á ti ṣú, tí kò sì ní í sí ọ̀gá kankan tó máa yí nǹkan dojú dé wò. Ráájí mọ igi jù mí lọ. Ọjọ́ yẹn ló mú un. Nítorí náà, tí ẹ bá bi mí léèrè ẹni tó ṣeé gbéṣẹ́ fún, n kò mọ̀ ju kí ẹ lọ wo iṣẹ́ tó ti ṣe tí òjò ti pa dáadáa, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ onílé bóyá ó padà wá wò ó láìjẹ́ pé wọ́n pè é.

Ìyàwó mi ń rìn báyìí, ọ̀pá ló fi ń rìn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé òrí rẹ̀ dání, a ó jọ rọra gòkè lọ sílé Ìyá Dọ́lápọ̀. Pèpéle náà dúró gbọingbọin. Òjò ti pa á, n kò rí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kì í gùn ún. Orí sìmẹ́ńtì inú ilé, lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gan-an, ló máa ń gbé àga rẹ̀ sí. Bàbá Dọ́lápọ̀ ti mọ̀, ó máa ń jẹ́ kí wọ́n fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, kó lè na ọwọ́ tó kú náà sí i. Ìyá Dọ́lápọ̀ bi ìyàwó mi lẹ́ẹ̀kan pé ṣé kò ní í jáde síta. Ó ní, “Ẹnu ọ̀nà níbí ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa.”

Èmi àti Ráájí la kan pèpéle náà. Mo mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lórí rẹ̀. Mo fa àga mi sún mọ́ ti ìyàwó mi lórí sìmẹ́ńtì, mo jókòó.